Abo Ń Da Ẹyin Sílẹ̀, Akọ Ò Lóyún: Bí Ẹṣin Òkun Ṣe Lè Bímọ Nínú Táǹkì Ilé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ẹṣin òkun mẹ́rin, akọ méjì àti abo méjì, Hippocampus erectus ni gbogbo wọn. Inú táǹkì ni wọ́n ti bí wọn, kì í ṣe pé wọ́n kó wọn látinú òkun. Wọ́n ti lé lọ́dún kan, èyí tó gùn jù nínú wọn sì tó 15 cm. Omi inú táǹkì mi ga tó 32 cm. Ẹja clownfish méjì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n máa ń jó fún ara wọn láàárọ̀, àwọn akọ á máa wú àpò wọn, síbẹ̀ kò sí èyí tó tíì lóyún. Mo ti bá ẹyin aláwọ̀ ọsàn nílẹ̀ táǹkì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹnì kan ní kí n mú omi gbóná dé 28°C kí ara wọn lè yá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi bímọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o ṣàlàyé dáadáa. Ẹyin tó o bá nílẹ̀ yẹn ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ǹ bá bi ọ́. Abo rẹ ti ṣetán. Ẹyin rẹ̀ ti pọn, ó sì ti gbìyànjú láti gbé e fún akọ, torí lọ́dọ̀ ẹṣin òkun, akọ ló ń lóyún. Ibi tó ti fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Torí náà má wá oògùn kankan, má sì wá ọgbọ́n tí wàá fi mú kí wọ́n fẹ́ra. Wọ́n ti fẹ́ra. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni kó o mú kúrò. Ṣùgbọ́n mo máa bẹ̀ ọ́ kó o má tíì mú un kúrò lọ́sẹ̀ yìí, torí iṣẹ́ kan wà tó yẹ kó ṣáájú, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe ń lọ. Láàárọ̀, abo á lọ bá akọ níbi tó so ìrù mọ́. Àwọ̀ wọn á mọ́, wọ́n á wé ìrù mọ́ ara wọn tàbí kí wọ́n jọ di igi kan náà mú, wọ́n á máa yí i po. Ìkíni lásán nìyẹn. Tọkọtaya tó ti mọ́ra máa ń ṣe é lójoojúmọ́, kódà nígbà tí oyún bá wà lára akọ, torí náà má fi ijó àárọ̀ ka oṣù. Ọjọ́ tí ẹyin bá pọn ni ijó náà máa ń yí padà. Akọ á máa tẹ ìrù rẹ̀ mọ́ ikùn, á tún nà án, á tún tẹ̀ ẹ́, kí omi lè máa wọ inú àpò kó sì máa jáde. Abo á gbé ẹnu sókè, bí ẹni ń nàka sí ojú omi, akọ náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá tú ìrù kúrò lára igi, wọ́n á jọ gbéra lọ sókè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún gbéra. Wọ́n lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà kó tó di pé ọ̀kan jẹ́ òótọ́. Nígbà tó bá wá jẹ́ òótọ́, wọ́n á kojú síra wọn láàárín omi, abo á ki ọ̀pá ẹyin rẹ̀ bọ ẹnu àpò akọ, á sì tú ẹyin sínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré. Akọ á pa àpò dé, á sọ̀ kalẹ̀, á máa mi ara jẹ́jẹ́ kí ẹyin lè jókòó. Inú àpò yẹn ni àtọ̀ ti ń bá ẹyin pàdé.

Ó yẹ kó o ti máa rí i báyìí. Ẹja méjì tó gùn tó 15 cm dúró ṣánṣán, abo ní láti ga ju akọ lọ díẹ̀ kí ọ̀pá ẹyin rẹ̀ tó lè bá ẹnu àpò ṣe déédéé, gbogbo omi tí wọ́n sì ní kò ju 32 cm lọ. Kí wọ́n tó tò bó ṣe yẹ, orí abo ti kan ojú omi. Wọ́n á já ara wọn sílẹ̀, ẹyin á sì dà nù. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń sin ẹṣin òkun ń lò ni pé kí omi ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn ẹja náà nígbà tí ìrù rẹ̀ bá nà tán. Ti ìwọ á jẹ́ 45 cm. Èmi á ní kó o dé 55 tàbí 60, torí pé ẹja tó bá ní àyè lókè kì í kánjú, H. erectus sì tún lè gùn ju báyìí lọ. Kí o wọ̀n ọ́n láti ojú omi dé orí yanrìn o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka gíga gíláàsì, wọ́n á gbàgbé pé yanrìn ti jẹ nínú rẹ̀ nísàlẹ̀, omi kò sì kún dé ẹnu lókè.

Ìdí tí abo kì í fi lè ní sùúrù dọ̀la ni pé, bí ọjọ́ bá ti pé, ẹyin á fa omi sínú, á wú, kò sì ní lè dá wọn dúró pẹ́ mọ́. Bí akọ kò bá gbà á, ilẹ̀ á gbà á. Gbogbo oúnjẹ tó ti fi pọn wọ́n ti ṣòfò nìyẹn, á ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó o bá sì tún rí wọn nílẹ̀, má ṣe wàhálà pé o fẹ́ kó wọn sínú ike kan kó o mú kí wọ́n pa fúnra rẹ. Àpò akọ kì í ṣe ibi ìpamọ́ lásán. Ẹran ara inú rẹ̀ máa ń wú bo ẹyin kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ akọ ló ń gbé ọ́síjìn wá fún un, akọ náà ló sì ń tún omi inú àpò ṣe díẹ̀díẹ̀ títí iyọ̀ rẹ̀ á fi sún mọ́ ti omi òkun kí ọjọ́ ìbí tó pé. Kò sí ike tó lè ṣe ìyẹn.

Ẹja clownfish méjì yẹn, wá ilé míì fún wọn. Wọn kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n yára ju ẹṣin òkun lọ. Ẹṣin òkun máa ń tẹjú mọ́ oúnjẹ kó tó fà á mu. Kó tó pinnu, àwọn yẹn ti kó o jẹ. Wọ́n tún máa ń gba igun kan ṣe tiwọn, wọ́n á sì lé ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Bí ìbí bá sì ṣẹlẹ̀ lóru, wọn ò ní jẹ́ kó o bá ọmọ kankan láàárọ̀. Bó o bá ti fi anemone, ẹ̀dá òkun tó jọ òdòdó tí clownfish máa ń gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ nítorí wọn, yọ òun náà, torí ó máa ń ta, ó sì lè pa ẹṣin òkun tó bá so ìrù mọ́ ọn. Nínú táǹkì ìbímọ, kò sí ẹja tó yẹ kó bá ẹṣin òkun gbé ju ẹṣin òkun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Bó o bá da ẹ̀yà méjì pọ̀, wọ́n lè kó àrùn tí ara ọ̀kan ti mọ̀ ran èkejì tí ara rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí. Ìgbà wo lò ń fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀? Bó bá jẹ́ pé bó o ṣe ń tan iná ni o ti ń ki ọwọ́ bọ omi, ìwọ gan-an lò ń tú ijó wọn ká. Jẹ́ kí iná tó kéré tàn kí ti ńlá tó tẹ̀ lé e, kó o sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Má bá wọn fọ gíláàsì, má sún igi, má ya fọ́tò pẹ̀lú fíláàṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá fún wọn lóúnjẹ.

Ní ti pé wọ́n jẹ́ mẹ́rin: akọ méjì lè máa du abo kan. Wàá rí i tí wọ́n á fi ìrù wé ara wọn lọ́rùn, tí ọ̀kan á fi ẹnu ta èkejì lórí. Nínú táǹkì tó kéré, akọ kejì lè já gba àárín àwọn tó ti ń gbéra, kó sì ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣọ́ wọn láàárọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó o mọ ta ló ń kí ta. Bí o bá máa yọ méjì sọ́tọ̀, yọ tọkọtaya tó mọ ara wọn pọ̀. Má fa akọ ya kúrò lára abo tó ń bá a jó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá lè ra táǹkì tó ga tó sì fẹ̀, èmi ò rí ìdí tó o fi máa yọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ 28°C yẹn, jọ̀ọ́, gbàgbé rẹ̀. Lóòótọ́ ni pé oyún máa ń yára dàgbà bí omi bá gbóná. Àmọ́ ọ̀kan lára àwọn àrùn tó burú jù fún ẹṣin òkun inú táǹkì ni èyí tí bakitéríà Vibrio ń fà, ooru ló sì ń fún un lágbára. Ara ìrù á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, á máa bó, ẹja ò ní jẹun mọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kú. Bó o bá mú omi gbóná torí kí wọ́n lè bímọ, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló máa ń le sí i. Láàárín 22 sí 24°C ni kí omi rẹ wà. Bí yàrá bá gbóná, fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè mú un tutù díẹ̀, kó o máa fi omi aláìníyọ̀ tó mọ́ dí èyí tó bá fẹ́ lọ, torí iyọ̀ kì í fẹ́ lọ. Bí ìyẹn ò bá tó, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù ló kù. (Ẹni tó bá ní Hippocampus abdominalis, ẹṣin òkun oníkùn ńlá láti Australia àti New Zealand, kó má tẹ̀ lé ìwọ̀n yìí. Omi tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn ń fẹ́, 16 sí 20°C.)

Bó o bá fẹ́ ohun tó ń ru wọ́n sókè lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ni àti oúnjẹ. Ẹ̀yà tìrẹ yìí ń gbé ní etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, àkókò tí ọjọ́ bá gùn ni ó sì máa ń bímọ jù níbẹ̀. Fi aago sára iná, kó o máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di wákàtí 14 ìmọ́lẹ̀ àti wákàtí 10 òkùnkùn. Má fò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Oúnjẹ gba àlàyé díẹ̀. Ẹṣin òkun kò ní eyín, kò sì ní àpò oúnjẹ nínú. Ohun tó bá gbé mì á gba ìfun kọjá wàrà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ kò fi lè tó. Mysis (ẹ̀dá omi kékeré tó jọ edé) tó ti dì, èyí tí a ti yọ́ tí a sì fọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ni ìpìlẹ̀. Fi òróró tó ní DHA (irú ọ̀rá omega-3 kan) kún un lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́sẹ̀, torí ọ̀rá yìí ni abo ń kó sínú ẹyin, òun náà ni ọmọ máa kọ́kọ́ gbé ara lé. Bó o bá lè rí edé kéékèèké tó wà láàyè, tàbí Artemia (ẹ̀dá kékeré inú omi iyọ̀ tó jọ edé) tó ti dàgbà tó o ti bọ́ dáadáa, máa fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdùnnú tó máa ń bá wọn tí wọ́n bá ń dọdẹ máa ń hàn lára àwọ̀ wọn. Artemia nìkan láìsí ohun míì kò dára o, kò lóunjẹ nínú tó. Ohun tó bá ṣẹ́kù nílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, fa á jáde.

Nígbà tó o bá ra táǹkì tuntun, má kó wọn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gbé fílítà táǹkì àtijọ́ síbẹ̀, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó o sì máa yẹ omi wò. Ammonia àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kí nitrate má kọjá 20 ppm, kí ìwọ̀n iyọ̀ (specific gravity) wà láàárín 1.023 sí 1.025, kí pH wà láàárín 8.0 sí 8.4. Gbin ohun tí wọ́n lè so ìrù mọ́ káàkiri, ewéko ike náà dára, àmọ́ fi àárín àti òkè sílẹ̀ lófo, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa jó. Fi nǹkan bo hítà kí wọ́n má baà so ìrù mọ́ ọn jóná, kó o sì fi fóòmù bo gbogbo ẹnu tí póǹpù fi ń fa omi. Àwọn kan máa ń sọ pé omi ẹṣin òkun gbọ́dọ̀ dúró pa. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Omi tó dúró pa máa ń dọ̀tí. Jẹ́ kó máa rìn, kó o sì fi igun kan tàbí méjì sílẹ̀ tó dákẹ́, wọ́n á yan èyí tí wọ́n fẹ́.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé oyún ti dé? Àpò tó wú lójú ijó máa ń rọ̀ padà láàárín wákàtí díẹ̀. Ti oyún kì í rọ̀. Á máa le, á máa dúdú sí i, akọ á sì máa dá dúró sí igun kan, ó lè má jẹun tó bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀. Oyún H. erectus máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, bí omi bá ṣe gbóná sí ni. Ṣùgbọ́n kíyè sí èyí: bí àpò bá wú tí ìdí ẹja sì ń léfòó lọ sókè, tó ń jà kó tó lè sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kó sínú rẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Omi tí kò jìn wà lára ohun tí a máa ń kà sí okùnfà rẹ̀, ìdí míì tí táǹkì gíga fi dára nìyẹn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, wá ẹni tó ti tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ rí kó kọ́ ọ. Má fi abẹ́rẹ́ gún ohunkóhun.

Ó kù sí iṣẹ́ tí mo ní kó ṣáájú. Àbúrò, mímú ẹṣin òkun lóyún ni ìdajì tó rọrùn. H. erectus kan lè bí ọmọ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, tó bá dàgbà ó lè bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ebi á ti máa pa wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá wáyé. Akọ kì í bójú tó wọn, iṣẹ́ rẹ̀ parí bí wọ́n bá ti jáde, ó sì lè gba oyún míì láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bí o kò bá tíì ní oúnjẹ láàyè tó ń jáde lójoojúmọ́ láìdá, wàá kàn máa wò wọ́n ni títí gbogbo wọn á fi kú. Ìyẹn ni mo ṣe ní kó o má tíì ra táǹkì gíga. Kọ́ iṣẹ́ Artemia ná. Nígbà tó o bá ti lè mú kí ẹyin rẹ̀ pa lójoojúmọ́ fún bí oṣù kan láìpa ọjọ́ kan jẹ, lọ ra táǹkì.

Iṣẹ́ Artemia lọ báyìí. Ẹyin rẹ̀ gbígbẹ ní èèpo líle kan tí ọmọ ẹṣin òkun ò lè dà, tó sì lè dí ìfun wọn pa. Rẹ ẹyin náà sínú omi títí yóò fi wú, da bílíìṣì sí i, máa rò ó. Á yí àwọ̀ láti búráùn lọ sí funfun, títí yóò fi di aláwọ̀ ọsàn. Bó bá ti débẹ̀, fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn títí òórùn bílíìṣì kò fi ní sí mọ́, kó o fi sodium thiosulfate pa èyí tó bá ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, da á sínú omi iyọ̀ nínú ike tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, tan iná sí i, kí afẹ́fẹ́ póǹpù máa rú u gidigidi, ní nǹkan bíi 26 sí 28°C. Láàárín wákàtí 24 sí 36, wọ́n á ti pa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni èyí tó kàn. Ọmọ Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì lẹ́nu tó fi ń jẹun. Ohun tó wà nínú ẹyin ló ń jẹ. Nígbà yẹn ó ṣì lóunjẹ lára díẹ̀. Bó bá ti pé bíi wákàtí 12, ó ti jẹ èyí tán, ó ti bọ́ awọ, ẹnu rẹ̀ sì ti là. Láti ìgbà yẹn, ohun tó o bá fi bọ́ ọ ni ọmọ ẹṣin òkun máa jẹ. Torí náà, fi í sínú ike kejì, kó o fún un ní ewéko omi tí ojú ò rí tàbí òróró ìbọ́ni tó ní DHA fún wákàtí 12 sí 24, fọ̀ ọ́ dáadáa nínú asẹ́ tó jọ aṣọ, kó o tó gbé e fún wọn. Ìyẹn ni pé ó kéré tán ike méjì tàbí mẹ́ta á máa wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà kan náà, ọ̀kan ń pa, ọ̀kan ń bọ́, ọ̀kan ti tó jẹ. Bó o bá lè sin copepod, ẹ̀dá omi tíntìntín míì, mọ́ ọn, àwọn tó o máa ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á pọ̀ ju ti ẹni tí kò ní in, torí oúnjẹ inú rẹ̀ ló bá ti òkun mu jù.

Ìbí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lóru tàbí ní kùtùkùtù. Akọ á máa tẹ̀, á máa nà, ọmọ á máa tú jáde ní ìdì ìdì, ó sì lè gba wákàtí bíi mélòó kan. Má gbé akọ lọ sí táǹkì míì nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́. Ìpayà lè mú kó da oyún nù. Àwọn ọmọ ni kó o gbé. Pa gbogbo iná, tan tọ́ọ̀ṣì sí igun kan, wọ́n á ṣù jọ síbẹ̀. Fi kọ́ọ̀bù bù wọ́n pẹ̀lú omi wọn, má fi àwọ̀n gbé wọn. Bí àwọ̀n bá gbé wọn kúrò nínú omi, wọ́n lè gbé afẹ́fẹ́ mì.

Afẹ́fẹ́ yìí gan-an ló máa fún ọ ní wàhálà jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ tuntun ní láti fẹnu kan ojú omi lẹ́ẹ̀kan kó gbé afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú kó lè dúró déédéé nínú omi, torí náà má jẹ́ kí ọ̀rá bo ojú omi. Ṣùgbọ́n bó bá dúró síbẹ̀ jù, tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ oúnjẹ, á di ẹni tó ń léfòó lójú omi tí kò lè sọ̀ kalẹ̀, ebi ló sì máa pa á. Iná tó wà lókè ló ń fà wọ́n síbẹ̀, ó ń fa Artemia náà, wọ́n á wá jọ ṣù sójú omi. Bo òkè táǹkì ọmọ àti òkè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ máa wọlé láti ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ máa yí omi po kí ẹnikẹ́ni má lè dúró sójú kan. Ọmọ H. erectus máa ń léfòó káàkiri fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í so ìrù mọ́ nǹkan. Nígbà yẹn ni kó o fi okùn tàbí ewé ike síbẹ̀. Kí wọ́n tó rí i, ara wọn ni wọ́n á máa so mọ́, má dá sí i.

Máa fún wọn lóúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún lóòjọ́, kí oúnjẹ wà nítòsí ẹnu wọn nígbà gbogbo láìjẹ́ pé omi ṣú. Fa ìdọ̀tí ilẹ̀ jáde láàárọ̀ àti lálẹ́, kó o fi omi tuntun dí i. Ṣọ́ra fún hydroid, ẹ̀dá tíntìntín kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tó sì ń jẹ Artemia. Ó ń ta ọmọ pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o ní táǹkì ọmọ méjì kéékèèké, kó o lè máa kó wọn láti ọ̀kan sí èkejì, kó o sì máa fọ èyí tó ṣófo, kó o gbẹ ẹ́ pátápátá.

Ní ti iye tó máa yè, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Nínú òkun, a máa ń fojú bù ú pé kò tó ọ̀kan nínú igba tó ń dàgbà. Ìwọ náà á pàdánù púpọ̀ nínú ìbí àkọ́kọ́, ìbí àkọ́kọ́ akọ tí kò tíì bí rí kì í sì sábà dára. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó o yan iye tí oúnjẹ rẹ lè bọ́ yó, bíi ogójì sí àádọ́ta, kó o sì fi ìyókù sílẹ̀ nínú táǹkì àwọn òbí. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Bó o bá pín oúnjẹ àádọ́ta fún igba, gbogbo wọn ni ebi máa pa, kò sì ní sí èyí tó máa ṣẹ́kù fún ọ. (Ẹni tí èyí bá wúwo fún lè wo Hippocampus zosterae, ẹṣin òkun kékeré tí kì í ju 2 sí 3 cm lọ, tí kì í bí ju ọmọ mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ rẹ̀ sì ń so ìrù mọ́ nǹkan tó sì ń jẹ Artemia lọ́jọ́ tó wáyé. Ẹ̀yà Hippocampus reidi ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sá fún. Ọmọ rẹ̀ kéré, ó sì lè ju ẹgbẹ̀rún lọ nínú ìbí kan.)

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, bẹ̀rẹ̀ sí í da mysis dídì tó o gé wẹ́wẹ́ mọ́ Artemia tó wà láàyè. Jẹ́ kí omi máa gbé e kọjá níwájú wọn, torí ohun tó bá ń mì ni wọ́n ń rò pé ó jẹ́ oúnjẹ. Àwọn kan á gbà á lọ́jọ́ kìíní, àwọn míì á ṣorí kunkun. Máa dín Artemia kù díẹ̀díẹ̀, má já a gbà lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àpò lábẹ́ ikùn àwọn akọ. Ikùn abo á parí síbẹ̀ láìsí àpò. Ya akọ sọ́tọ̀ lára abo nígbà náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kó o sì fi díẹ̀ nínú wọn ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì tó ń sin ẹ̀yà kan náà. Bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè míì lẹni náà wà, wádìí ìwé àṣẹ kó o tó fi ránṣẹ́: láti ọdún 2004 ni gbogbo ẹ̀yà Hippocampus ti wà lábẹ́ Àfikún Kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, èyí tí a bí nínú táǹkì náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.